Fádà ní kí n má wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ títí oṣù yóò fi pé. Ṣé ó tọ́?

SÌSÍ ÀJÀṢẸ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo ń ta ìrẹsì, òróró àti tòmátò inú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kátólíìkì ni wá nílé. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọkàn mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ tán, kí n tó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan kan á ti sọ fún mi pé mi ò sọ ọ́ tán, tàbí pé mo sọ ọ́ tán lóòótọ́ àmọ́ kò dùn mí tó bó ṣe yẹ. Mà á padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Obìnrin kan ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi, mi ò wá mọ̀ bóyá ṣéńjì tí mo fún un pé. 200 fráǹkì ni. Mo wá a káàkiri ọjà, mi ò rí i. Mo sọ 1,000 fráǹkì sínú àpótí àánú dípò rẹ̀, ọkàn mi ò gbà. Èkejì, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti gbé Ara Olúwa sókè nínú Mísà, èébú kan á sọ sí mi lọ́kàn, irú èébú tí mi ò lè fi ẹnu mi bú ajá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fádà ní kí n má wá jẹ́wọ́ mọ́ fún oṣù kan gbáko, kí n sì máa gba Ara Olúwa lọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kú kí oṣù náà tó pé ńkọ́? Orí ta ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn máa wà? Àbí ó fẹ́ lé mi ni?

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ lálẹ́ àná, èèyàn mọ́kànlá ti dá Sìsí lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n kó ohun tí wọ́n sọ jọ, kí ẹni tó ń bọ̀ má tún un sọ.

Àwọn kan ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń gún un ní kẹ́sẹ́, kó má dákẹ́, kó máa jẹ́wọ́ lọ. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, àwọn ìyá inú ìdílé ló fi nǹkan sí i lọ́kàn, kó wá ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Ojú-Ti-Là ní ẹ̀sìn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ara á tù ú. Ìyá Alákàsà ní ọkọ lọmọ yìí nílò. (Ìyá, mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ rárá o.)

Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, n ó sì sọ ìdí. Ẹni tó jí àgbò gbé mọ àgbò tó jí, ó mọ ilé ẹni tó ni ín. Bó bá dá a padà tó sì bẹ̀bẹ̀, ó lè máà sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, àmọ́ bó pẹ́ bó yá á sùn. Sìsí ti san 1,000 lórí 200 tí kò tiẹ̀ dá a lójú pé òun jẹ, kò sì tíì sùn. Fádà ti ní a dárí jì í nígbà mẹ́rin láàárín ọjọ́ méje, kò sì tíì rí ìdáríjì. Ẹ̀bi tí owó ò lè san tán, tí ẹ̀bẹ̀ ò lè bẹ̀ tán, kì í ṣe ẹ̀bi mọ́. Àìsàn ló gbé agbádá ẹ̀bi wọ̀.

Ojú-Ti-Là, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bó bá fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lónìí, bóyá ó tiipa ilẹ̀kùn, bóyá ó pa iná gáàsì, bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni yóò máa jà á lọ́la. Mo ti rí i. Ohun tí èèyàn kà sí jù ni nǹkan yìí máa ń dìrọ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló máa bá a lọ.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Wọ́n ti ń bi mí pé ta ni mí tí mo ń dá sí ọ̀rọ̀ Fádà, èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí. Ó dáa.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó mọ Kétu mọ̀ pé omi kì í ṣe nǹkan eré lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 19, bídọ́ọ̀nù lítà 25, irú aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń ta bẹntiróòlù lójú títì, ni mo fi ń ṣe àlùwàlá ẹyọ kan. Mà á fọ ọwọ́, mà á ní ibì kan ò kan omi, mà á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bísímílà. Gìgísẹ̀ mi là. Màmá mi kọ́kọ́ rò pé ìtara ẹ̀sìn ni, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó ń bu omi oúnjẹ pamọ́ fún mi lábẹ́ ibùsùn ni inú rẹ̀ kò dùn mọ́.

Bí mo bá wá dé orí ẹní, mi ò lè wọ inú ìrun. Mà á ní Allahu Akbar, mà á ní níyà mi, èrò tí mo fi ń kírun, ò mọ́, mà á tún un ní. Àwọn èèyàn á ti lọ sí rúkúù, èmi ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń gbé ọwọ́ sókè sódò bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Áfáà mẹ́ta ni mo lọ bá. Èyí àkọ́kọ́, onínúure èèyàn, òun ló pa mí lára jù. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ló ń dáhùn. Mo lè lọ nígbà mẹ́fà lóòjọ́, á ní àlùwàlá rẹ dára, ọmọ mi, ìrun rẹ dára. Ara á tù mí títí mà á fi dé ìdí igi tó wà níwájú ilé rẹ̀. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì fún mi ní hàǹtú mu.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti Àjàṣẹ́ níbí, nígbà tí mo wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Àgbàlagbà kan ni, mo máa ń bá a nítòsí Mọ́ṣáláṣí Ńlá àtijọ́, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́, tí àlejò máa ń dúró níwájú rẹ̀ tó máa ń bèèrè pé ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyí. Ó gbọ́ mi tán. Ó bi mí pé omi mélòó ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Mi ò mọ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀: múdù kan, ìwọ̀n báyìí, kò tó lítà kan. Ó ní, “Ìwọ ń lo lítà 25. Ẹ̀sìn ta lò ń ṣe?”

Ó wá sọ hádíìsì kan fún mi, ti ọkùnrin tó ń rò ó nínú ìrun pé bóyá òun ti só. Ànábì ní kó má kúrò lórí ìrun àyàfi bó bá gbọ́ ìró tàbí tó gbọ́ òórùn. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú òfin kan jáde: iyèméjì kì í lé àrídájú lọ. Nínú mẹ́síhábù Málíkì, ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń tẹ̀ lé ní apá ibí, ẹni tí iyèméjì bá sọ di ilé, tó ń bá a lójoojúmọ́, wọ́n ní kó pa á tì, kó má tún nǹkan kan ṣe. Wáswásì lorúkọ rẹ̀. Òun náà ni a fi ń tọrọ ààbò nínú Súrá tó kẹ́yìn Kùránì.

“Má tún un ṣe,” ni bàbá yẹn wí. “Má sì padà wá bi mí.” Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ń jẹ èkọ. Ó ní kí n jókòó jẹun, kò sì dáhùn.

* * *

WÒLÍÌ KÉKERÉ

Ẹ máa rọra, Aránṣọ. Gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ti Ẹ̀mí, ẹ̀yin ọmọ òde òní ti sọ ọ́ di àìsàn. Ẹ̀rí ọkàn tó mú ni ìṣòro ọmọ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn ayé ti kú. Àwọn tó ń jẹ owó ìjọba, ta ni nínú wọn ló sùn tì nítorí 200 fráǹkì? Kó máa béèrè lọ. Abèèrè kì í ṣìnà.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Wòlíì, abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó dúró ní oríta Wàǹdó, tó ń dá gbogbo zémìjàn (ọ̀kadà) dúró pé ṣé ọ̀nà Ìtàkété nìyí. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ ṣú, ó ṣì wà lójú kan náà. Kò ṣìnà. Kò sì dé Ìtàkété.

Ti àwọn tó ń jẹ owó ìjọba, òtítọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rí ọkàn ń ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ẹ̀rí ọkàn tó dá pé máa ń sọ̀rọ̀, á ní ṣe báyìí, bó o bá ṣe é, á dákẹ́. Èyí tó wà lọ́rùn Sìsí kò sọ ohun tó fẹ́ kó ṣe rí. Ohun tó bá ṣe, kò tó.

* * *

ỌMỌ SÁBẸ

Mo ń kà yín láti òkè Sábẹ níbí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, Kátólíìkì sì ni èmi náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí apá méjèèjì.

Ní apá ti ìjọ: Fádà yẹn kò lé ọ, ọmọ mi. Ìṣòro yìí ti pẹ́ nínú ìjọ tó fi ní orúkọ: scrupule ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí òkúta wẹ́wẹ́ tó mú, irú èyí tó máa ń wọ inú sálúbàtà. Kò tóbi, àmọ́ o ò lè tẹ ilẹ̀. Ignatius Mímọ́ ti Loyola, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Jésúítì sílẹ̀, jẹ ìyà rẹ̀ ní Manresa ní Sípéènì ní 1522. Ó kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tún ń padà lọ jẹ́wọ́ ìyókù. Àlùfáà rẹ̀ wá ní kó má jẹ́wọ́ ohun àtijọ́ mọ́ àyàfi èyí tó bá hàn kedere. Ẹ ò rí nǹkan! Lójú tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere, nítorí náà àṣẹ náà kò ràn án lọ́wọ́. Ó gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí Ọlọ́run lè yọ ọ́; àlùfáà ní kó lọ jẹun. Ìgbà tó pinnu pé òun ò ní jẹ́wọ́ ohun àtijọ́ kankan mọ́ ló tó rí ìsinmi. Láti ìgbà náà, ìmọ̀ràn táwọn àgbà inú ìjọ ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó di àlùfáà kan ṣoṣo mú, kó sì ṣe ohun tó bá ní kó ṣe, kódà bí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà.

Ní apá ti ìwòsàn: TOC (trouble obsessionnel compulsif) làwọn dókítà ń pè é ní Faransé, àìsàn tí èrò kan náà ń padà wá ṣáá, tí èèyàn sì ń ṣe nǹkan kan náà léraléra láti fi pa ẹ̀rù rẹ̀; ti Sìsí yìí jẹ́ ẹ̀yà kan nínú rẹ̀. Bí èèyàn 1 sí 3 nínú 100 ló máa ń ní TOC nígbà kan láyé wọn. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èrò burúkú fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn o. Ní 1978, Rachman àti de Silva bi àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá léèrè, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ní irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí àwọn náà lọ́kàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó dá á jẹ́ kó kọjá lọ. Ẹni tí kò dá á mú un lọ́rùn, ó ń bi í pé ta ló rán ọ.

Mo rí abiyamọ kan nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tó kó gbogbo ọ̀bẹ ilé fún aládùúgbò torí èrò pé òun lè gún ọmọ òun. Ọkọ rẹ̀ ní ó ti ya wèrè, wọ́n ti fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tí mo máa bẹ̀rù.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Ẹ ṣeun, Màmá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Sìsí nípa èébú inú Mísà nìyẹn. Kì í ṣe torí pé o kórìíra Ọlọ́run ló ṣe ń yan ìgbà tí wọ́n gbé Ara Olúwa sókè. Ibẹ̀ lo kà sí jù, ibẹ̀ lò ń ṣọ́ jù. Ọdẹ tó ń pariwo lóru pé “olè ò gbọdọ̀ gba fèrèsé ẹ̀yìn yìí wọlé” ti júwe ilé fún olè.

Àwọn sàábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, wá bá a pé àwọn ń rí nǹkan nínú ọkàn àwọn tí àwọn ò lè fẹnu sọ. Ó bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ lẹ rí i? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn gbangba nìyẹn. Ìpayà tí wọ́n ń pa nítorí rẹ̀ ló ní lọ́kàn.

* * *

SÌSÍ ÀJÀṢẸ́

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Ara ti tù mí láti àárọ̀. Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan: lánàá mo wọ zémìjàn lọ sí ìjọ mìíràn, mo lọ jẹ́wọ́ fún Fádà tí kò mọ̀ mí. Mo fi ìbòrí bo ojú.

Ó wá ku ìbéèrè kékeré kan. Bí obìnrin tí mo jẹ ní 200 yẹn bá jẹ́ opó ńkọ́? Owó opó yàtọ̀ nínú Bíbélì. Ẹ kàn sọ fún mi pé kò yàtọ̀, mi ò ní béèrè mọ́.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Ìbéèrè kan náà ni. Aṣọ ló pààrọ̀. Mi ò ní dáhùn, mo sì bẹ gbogbo ilé kí ẹnikẹ́ni má dáhùn.

* * *

ÌYÁ ALÁKÀSÀ

Aránṣọ, ìwọ yìí ò tiẹ̀ láàánú! Ọmọ ń sunkún, o ní kí a dákẹ́. Kí ló máa ná ọ láti sọ pé kò yàtọ̀? Ọ̀rọ̀ méjì péré. Bí ọmọ mi bá ń bẹ̀rù òkùnkùn, ṣé mi ò ní tan iná fún un ni?

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò jẹ̀bi. Áfáà mi àkọ́kọ́ láàánú bíi tiyín.

Ẹ wo ajá tó wá dúró sídìí oúnjẹ yín. Ẹ jù eegun sí i kó lè lọ. Ó lọ. Lọ́la, kí ẹ tó ṣí ìkòkò, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá sọ pé owó opó ò yàtọ̀, Sìsí á sùn lálẹ́ òní. Lọ́la á béèrè pé bó bá jẹ́ aboyún ńkọ́, bó bá jẹ́ ọmọ òrukàn ńkọ́. Ẹ̀yin náà á rẹ̀ yín, ẹ ó wá pariwo mọ́ ọn, á tún gba ìyẹn kun ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pé òun bí ìyá nínú. Ìtùnú yẹn gan-an ni oúnjẹ àìsàn náà.

Kì í ṣe pé a ò ní bá a sọ̀rọ̀ o. Ẹ bi í nípa ọjà. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

* * *

ÌYÁ ALÁKÀSÀ

Hùn. Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Awo ni bàbá tó bí mi. Ọkùnrin kan wà tó rúbọ, ẹbọ fín. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ó tún gbé ẹyẹlé àti owó wá, ó ní ọkàn òun ò tíì balẹ̀. Bàbá mi gbà á. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá mi dá owó rẹ̀ padà, ó ní, “Ẹbọ ti dà. Ta ló fẹ́ jẹ eléyìí?” Ọkùnrin náà bínú lọ. Mo rò nígbà yẹn pé bàbá mi ò fẹ́ owó ni, a ò sì ní owó nílé.

Sìsí, ṣé o ti jẹun?

* * *

SÌSÍ ÀJÀṢẸ́

Mi ò jẹun, ìyá. Ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú. Ó ti rẹ̀ mí. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi kí n sùn kí n má jí mọ́.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Èyí, mo máa dáhùn. Nígbàkígbà tó bá wá, òru tàbí ọ̀sán.

Àbúrò mi, ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ báyìí? Lọ jókòó tì í, kó o sì sọ gbólóhùn tó o kọ yìí gan-an fún un. Má yí i padà, má sọ pé orí ló ń fọ́ ọ. Ṣé o ti ń ro bí o ṣe máa ṣe ara rẹ léṣe? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lálẹ́ yìí.

* * *

ỌMỌ SÁBẸ

Ọmọ mi, Ignatius tí mo ń sọ yẹn, ihò kan wà nínú yàrá rẹ̀ ní Manresa tó ń ṣe é bíi kó sọ ara rẹ̀ sí. Ó gbé ọdún tó lé ní 30 lẹ́yìn ìgbà náà. Sọ fún ẹni tó wà nílé. Mo ń dúró.

* * *

SÌSÍ ÀJÀṢẸ́

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kò bínú. Ó ní òun ti ń rí mi tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀, òun ò mọ bí òun ṣe máa béèrè. Mi ò tíì ro bí mo ṣe máa ṣe é, ó kàn ti rẹ̀ mí ni. Ó gbé ẹní wá sínú yàrá mi. A máa lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé.

* * *

ỌMỌ SÁBẸ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bí dókítà àdúgbò kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ní Jacquot, ní Kùtọnu. Mo mọ̀ pé orúkọ ibẹ̀ ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ lè sọ fún aládùúgbò pé ọjà lẹ lọ ná.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wò ó. Èkíní kì í ṣe oògùn: wọ́n á jẹ́ kó o súnmọ́ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, láti orí èyí tó kéré, kó o má sì ṣe ohun tó o máa ń ṣe láti fi pa ẹ̀rù náà. O máa ta ọjà, o ò ní ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀kẹta. O máa lọ Mísà, èébú á dé, o ò ní lé e, o ò ní gbàdúrà lé e lórí. Ẹ̀rù á gòkè bí òkè Sábẹ, bó bá sì yá á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣe é, Victor Meyer ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o ṣẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni oògùn, irú bíi fluoxetine tàbí sertraline. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́. Má rà á lójú títì, má sì dá a dúró láìsọ fún dókítà.

* * *

OJÚ-TI-LÀ

Gbogbo àlàyé yìí, ẹ ò sì rí i pé bí wọn ò bá ti fi iná ọ̀run dẹ́rù bà á ní kékeré ni, kò ní rí báyìí?

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Ó lè bù kún un. Mi ò jiyàn. Oníwàásù tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ ọdún méje bí ẹni ka ẹja lórí àtẹ, mo ní ẹjọ́ bá a rò. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Sìsí gbọ́ ìwàásù kan náà, inú yàrá kan náà ni wọ́n dàgbà sí, orun ló sì ń sùn yẹn.

* * *

WÒLÍÌ KÉKERÉ

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìdáhùn. Ìjọ Mímọ́ Láti Ọ̀run Wá ni mo wà, ìjọ tí Bàbá Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1947. Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà bí a bá wọ sùtánà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí pé mo ti tẹ nǹkan àìmọ́ lójú ọ̀nà. Mà á padà sílé lọ wẹ̀, mà á tún jáde. Mo ti pẹ́ dé ìsìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba iṣẹ́ títan àbẹ́là lọ́wọ́ mi. Ìwà mímọ́ ni mo ń pè é.

Aránṣọ, ẹ má dáhùn. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Mo gbọ́, Wòlíì.

* * *

SÌSÍ ÀJÀṢẸ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ kejìlélógún tí mi ò jẹ́wọ́ rèé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó máa ń jẹ́ kí inú rìn mí, àmọ́ dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ìjẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù pé iyọ̀ tán nílé, mo padà. Lánàá ode yìí mo gba Ara Olúwa. Èébú náà dé. Mo jókòó. Mo rò pé mo máa kú níbẹ̀, àmọ́ orin tí wọ́n ń kọ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ó ku ìbéèrè kékeré kan.

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Àbúrò, a ti jọ sọ ọ́.

* * *

SÌSÍ ÀJÀṢẸ́

Rárá o! Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó nínú oṣù tó ń bọ̀. Èló lẹ máa gbà rán ìró àti bùbá fún èèyàn méjì?

* * *

ARÁNṢỌ KÉTU

Háà. 4,000 fráǹkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ mú aṣọ tiyín dání. Kí ẹ wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

* * *

ÌYÁ ALÁKÀSÀ

4,000! Aránṣọ, ìwọ lo yẹ kó lọ jẹ́wọ́.